Télọ̀, Ayàwòrán àti Ìfun Tó Ń Bínú

Ọjọ́ tí Ayàwòrán kọ́kọ́ fojú kan Télọ̀, ó wù ú pé kó gbá a létí.

Kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Ilé ìwòsàn alájà mẹ́ta, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ ní àjà kejì, ẹnì kan sì ti jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tó san owó ilé. Ayàwòrán kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kíní, ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló fi lù ú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ yẹn, ẹ jáde!"

"Mò ń bọ̀."

"Nígbà wo?"

"Àǹtí, ẹ má bínú, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí níkẹyìn, ọkùnrin gíga kan ló jáde. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́rin tò sí àyà ẹ̀wù rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó lọ sọ́jà tí kò rí nǹkan kan rà. "Ẹ máa wọlé," ó wí, ó tiẹ̀ tún fẹ́ dúró kí i. Ta ló ráyè ìkíni? Ayàwòrán gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ìjì, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń ṣe, òun ló sì fi ń jẹ́ Ayàwòrán. Kí wọ́n tó kọ́ ilé, òun ló máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti ya ibi tí ògiri máa wà àti ibi tí fèrèsé máa kọjú sí. Ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un títí ó ti rẹ ọ̀gá. "Ilé oníyàrá méjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́ta? Ta ló fẹ́ gbé ibẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin?" Ayàwòrán á pa ọ̀kan rẹ́, inú á sì máa bí i títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọdún kẹfà rè é tí inú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ìpàdé bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, inú á lọ́. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró lójú ọ̀nà, inú á lọ́. Ọkùnrin kan ti fẹ́ ẹ sọ́nà rí, ṣùgbọ́n nígbà tó dìde lẹ́ẹ̀mẹrin nídìí oúnjẹ ọjọ́ ìbí ọkùnrin náà, ẹni yẹn náà dìde, kò sì padà wá mọ́. Àwọn oníṣègùn ti fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn bọ́ awò ojú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Kò sí egbò, kò sí kókó. Ìfun yín ló kàn máa ń tètè bínú."

"Ìfun mi ń bínú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Dókítà, èmi náà ń bínú."

Dókítà kọ ìwé fún un pé kó lọ sí yàrá kẹsàn-án, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ wo èèyàn, gbogbo Ọjọ́bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀! Ikùn ló ń dun èèyàn, wọ́n ní kó lọ máa sọ̀rọ̀.

Nígbà tó wọ yàrá kẹsàn-án, àga mẹ́fà ni wọ́n tò yípo. Ta ló tún jókòó síbẹ̀, tó ń bá a rẹ́rìn-ín? Ọkùnrin onítéèpù.

Obìnrin àgbà kan ló ń darí ìjókòó náà. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ohunkóhun tí èèyàn bá sì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, "Mí kanlẹ̀" ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Kí ọjọ́ yẹn tó parí, àwọn aláìsàn ti sọ ọ́ ní Àǹtí Mí-Kanlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n béèrè ọ̀rọ̀ kan ká tó bẹ̀rẹ̀," Ayàwòrán wí. "Ṣé ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé orí mi ló dàrú?"

"Mí kanlẹ̀, ọmọ mi."

"Mo ti mí."

"Àyà lo mí sí. Mí sí ikùn." Àǹtí dúró títí ó fi mí sí i. "Kò sẹ́ni tó ní orí rẹ dàrú. Ìrora rẹ kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ọpọlọ àti ìfun, aládùúgbò ni wọ́n, ògiri tó là wọ́n láàrin fẹ́lẹ́ púpọ̀. Bí èyí bá pariwo, ìyẹn á jí. O ti gbé láàrin ariwo wọn pẹ́ débi pé ò ń bẹ̀rù kó tó ṣẹlẹ̀, ìbẹ̀rù yẹn gan-an sì ń lọ́ ọ nínú. A ò lè yọ ìfun rẹ ká fún ọ ní òmíràn. A lè kọ́ àwọn méjèèjì láti máa fohùn jẹ́jẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin onítéèpù nawọ́ sókè. "Àǹtí, tèmi ò pariwo o. Tèmi ti dákẹ́ láti ọjọ́ Ajé."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ayàwòrán nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti pinnu pé òun ò ní rẹ́rìn-ín níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Lẹ́yìn ìjókòó, ọkùnrin náà sáré bá a lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ má bínú ti àárọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rí i bó ṣe rí. Tèmi kì í fẹ́ jáde, tiyín kì í fẹ́ dúró. Bí wọ́n bá pò wá pọ̀, èèyàn kan tó péye á jáde níbẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ayàwòrán kó tó mọ̀. Inú bí i sí ẹ̀rín náà.

Ilé ọkùnrin náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Télọ̀ nítorí iṣẹ́ aṣọ rírán rẹ̀, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn, síbẹ̀ gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ sílé, tó jẹ́ òdìkejì pátápátá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, "ẹ" ti di "o" láàrin wọn. Wọ́n jọ ń ráhùn nípa iṣẹ́ àmúrelé tí Àǹtí ń fún wọn: ìwé tí èèyàn máa kọ ọ́ sí, kí ló ṣẹlẹ̀, kí lo rò, kí ni ikùn ṣe. Wọ́n jọ ń ráhùn nípa ẹní tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n dùbúlẹ̀ lé e, kí wọ́n fọwọ́ lé ikùn, kí Àǹtí sì máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí wọ́n rí omi odò tó ń ṣàn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú wọn.

"Omi!" Ayàwòrán fi ìbínú sọ ọ́. "Ẹni tí omi ń lé kiri ìgboro ni wọ́n ní kó máa ro omi."

"Èmi sùn ni tèmi," Télọ̀ wí.

"A gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀."

Ṣùgbọ́n ká sọ òtítọ́, nǹkan kan ti ń rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó jókòó títí ìpàdé fi parí níbi iṣẹ́, ọwọ́ lórí ikùn lábẹ́ tábìlì, ó ń mí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ìgbà kan ṣoṣo ló sì jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló fi ìwé rẹ̀ han Télọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí ìwé náà rí, ìyá rẹ̀ pàápàá kò rí i. Ìwé pélébé kan ni, ó sì ti ya gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà láàrin ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú rúlà: èyí tí wọ́n máa ń tì, èyí tí kò lómi, èyí tí olùṣọ́ rẹ̀ máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè kó tó yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́. Bó ṣe nà án sí i, ó wojú ọ̀nà bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

Télọ̀ ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. "Ìlà rẹ gún," ó wí níkẹyìn. "Ó gún ju tèmi lọ, èmi tó jẹ́ pé ìlà ni mo fi ń jẹun." Lẹ́yìn náà ló wá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n aṣọ yìí fi nọ́ńbà méjì jù ọ́ lọ."

"Ikùn mi máa ń wú. Bí mo bá jáde láàárọ̀, èèyàn ni mí. Bó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, mo ti di àgbá."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Télọ̀ gbé síkẹ́ẹ̀tì kan wá. Ó ti fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ pamọ́ sínú ìbàdí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ikùn bá wú, aṣọ á fún un láyè, bó bá lọ sílẹ̀, aṣọ á tẹ̀ lé e, kò sì sí ojú tó máa mọ̀ níta. Ayàwòrán wọ̀ ọ́ níwájú díńgí, ó sì sunkún. Ọdún mẹ́fà ló ti ń wọ aṣọ bí ẹni tó gbé àgọ́ rìn. Ìfẹ́ ti dé nìyẹn. Kò lè tún máa díbọ́n pé òun ò mọ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Àǹtí ní kí Ayàwòrán fi ìwé àwòrán yẹn sílẹ̀ nílé, kó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibùdókọ̀ mẹ́ta láìmọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. "Ọ̀pá tí èèyàn fi ń rìn nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò burú," Àǹtí wí. "Bí ẹsẹ̀ bá ń san tí kò sọ ọ̀pá sílẹ̀, ọ̀pá ló ń rìn, kì í ṣe òun."

Ayàwòrán gbé ìwé náà fún Télọ̀ pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Hà! Télọ̀ kọ́ ọ sórí bí ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò. Bí wọ́n bá jọ ń jáde, á ti ṣáájú, á wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. "Ẹ jọ̀ọ́, aya mi ọ̀la ń bọ̀ lẹ́yìn, inú rẹ̀ kì í gbádùn, ṣé kọ́kọ́rọ́ wà nítòsí?" Ayàwòrán á dé, á bá oníṣọ́ọ̀bù tó dìde dúró tó ń fi àánú wò ó. Nígbà yẹn, ó rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà sì ni, ohun tó ń múni bínú níbẹ̀ nìyẹn. Ó ti sọ ọ̀pá oníwèé sílẹ̀, ó sì gbára lé òmíràn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

"O wọ bọ́ọ̀sì náà?" Àǹtí béèrè ní Ọjọ́bọ̀.

"Mo wọ̀ ọ́."

"Ta ló béèrè kọ́kọ́rọ́?"

"Òun ni."

"Òun ló ṣe iṣẹ́ àmúrelé nìyẹn." Àǹtí yíjú sí Télọ̀. "Ìwọ ńkọ́? Mo ní kí o sọ ohun kan tó ń dùn ọ́ jáde lẹ́nu lọ́sẹ̀ yìí."

"Kò sóhun tó ń dùn mí, Àǹtí. Kò séwu."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ ohun tó ti bá Télọ̀ dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Télọ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí Àǹtí sọ fún wọn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Télọ̀ mú un lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ikùn Ayàwòrán tutù. Mo ní ó tutù! Ó jẹ búrẹ́dì, ó mu tíì, ó wọ bọ́ọ̀sì, ikùn kò sọ nǹkan kan. Ó fẹ́ sọ fún Télọ̀, ó ní kóun ṣe jẹ́jẹ́, kó má baà jí.

Ìyá Télọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ló ṣílẹ̀kùn. "Ìyàwó wa, káàbọ̀. Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ o."

Pẹ̀lẹ́ kejì yẹn ló kọ́kọ́ fu ú lára. Wọ́n mú un kọjá lára àga mẹ́ta tó ṣófo, wọ́n sì fi í jókòó sórí èyí tó wà lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, iná sì ń tàn nínú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Lórí àpótí kékeré lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n gbé tísù tuntun kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹ̀bùn. Nígbà tí oúnjẹ dé, gbogbo ilé ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ àti adìyẹ, tirẹ̀ jẹ́ ìrẹsì funfun tí kò rí iyọ̀ sójú.

"A gbọ́ pé ata ń bá ọ jà," ìyá wí. "Ṣé kò tíì ṣe ọ́ báyìí?"

"Rárá, Màmá. Ara mi le."

"Bó bá ṣe ọ́, má tijú."

Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà: "Ṣé kò tíì ṣe ọ́?" Bàbá rọra dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù kí ó lè gbọ́ ìdáhùn.

Ohun tí èèyàn bá ń pè, á jẹ́. Ìfun tó ti ń sùn láti àárọ̀ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nígbà márùn-ún, ó la ojú. Ayàwòrán dìde. Gbogbo ilé dìde tán. Bàbá pa tẹlifíṣọ̀n pátápátá, ilé sì pa lọ́lọ́ bíi gbọ̀ngàn ìdánwò. Níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò gbọ́ ìró ṣíbí kan ṣoṣo.

Nígbà tó jáde, bàbá, tó gbà pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé tí kò ní ìkíni tirẹ̀, wá ọ̀rọ̀ títí. Ó wú ikọ́. "O kú iṣẹ́ o, ìyàwó wa."

"O kú àbọ̀," ìyá fi kún un.

Ayàwòrán wo Télọ̀. Télọ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí ètò rẹ̀ ń lọ létòlétò.

Lójú ọ̀nà, níwájú ilé, kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n rìn dé ìgun. "Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo kàn fẹ́ kó rọrùn fún ẹ."

"Kí lo sọ?"

"Gbogbo ẹ̀. Mo tún ya àwòrán kékeré kan fún màmá mi, bí àga ṣe máa wà."

"O ya àwòrán!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé ajá aládùúgbò gbó. "Inú ẹni lorúkọ tá a máa sọ ọmọ ẹni ń gbé. Inú tèmi nìyí o, o gbé e lọ sílé yín kí èmi tó dé ibẹ̀. Ikùn mi ò lọ́ láti àárọ̀! Ọjọ́ kan ṣoṣo tó dákẹ́ nínú oṣù yìí!"

"Mi ò mọ̀."

"O kò béèrè."

"Má bínú, ààyò mi. Kò séwu."

"Ó séwu! Ṣé ìwọ ò lè bínú ni? Mo pariwo lé ẹ lórí lójú títì, ò ń sọ pé kò séwu!" Ó rí i tí ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Èyí wá dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ. "Ìyàwó ni mo fẹ́ jẹ́. O ti sọ mí di aláìsàn yín kí n tó wọlé. Má wá mi mọ́."

Ó dá bọ́ọ̀sì wọ̀ lọ sílé, ó sunkún láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì. Ìfun rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn náà múnú bí i.

Ìyá rẹ̀ kò gbè é. "Ọkùnrin tó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọ káàkiri lo lé lọ? Ìwọ ọmọ yìí, ta lo wá fẹ́ fẹ́, ẹni tó máa tì ọ́ síta?" Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà ní ìdajì, kò sì mọ ìdajì tó jẹ́.

Télọ̀ kò wá sí ìjókòó méjì tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ àṣekágbá, Ayàwòrán dúró títí gbogbo èèyàn fi lọ.

"Àṣejù ló ṣe, Àǹtí. Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́."

"Lóòótọ́ ni. Ta ló gbé ìwé yẹn fún un?"

Ayàwòrán fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, ariwo rẹ̀ gba yàrá.

"Mí kanlẹ̀."

"Mò ń mí, Àǹtí! Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo ti ń mí!"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Ǹjẹ́ o sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ó tó?"

"Ó yẹ kó mọ̀."

"Ohun tí ìfun rẹ máa ń ṣe fún ọ lo ṣe fún un yẹn, ọmọ mi. Kò sọ̀rọ̀ títí, ó wá bú gbàù lójú ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a lọ sílé, ó sì bá a gbé. Láti ìgbà yẹn, gbogbo Àbámẹ́ta, ó ń wọ bọ́ọ̀sì dé òpin ọ̀nà, òun nìkan, láìsí ìwé, láìsí aṣáájú. Lọ́jọ́ kìíní, ikùn lọ́ ní ibùdókọ̀ karùn-ún. Ó fọwọ́ lé e, ó mí, ó sọ fún ara rẹ̀ pé lílọ́ ni ikùn ń lọ́, kò tíì ní òun ń jáde. Ó rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò rọlẹ̀ rárá. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tí ọkùnrin kún inú rẹ̀, ó sì béèrè fúnra rẹ̀. Onígbàjámọ̀ na ẹ̀rọ ìgẹrun ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn, kò tiẹ̀ wojú rẹ̀. Nígbà tó jáde, wọ́n ṣì ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan tí wọ́n ti fá ìlàjì orí rẹ̀ ní kó jọ̀ọ́ kó bá òun ti ilẹ̀kùn.

Ọdún mẹ́fà! Ọdún mẹ́fà tó fi ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ọkùnrin onílàjì orí kò kà sí! Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń bínú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ sọ ọ́ fún ni Télọ̀. Ó yọ fóònù, ó tún fi í padà. Ó ní kó má wá òun, Télọ̀ kò sì wá a, kò tiẹ̀ pè lẹ́ẹ̀kan. Ìgbọràn kí nìyẹn?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí wọ́n ti pínyà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ láàárín ọ̀sán. Oníbàárà kan tó sanra dáadáa na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, Télọ̀ sì fi téèpù yí i ká, abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo wá," Ayàwòrán wí.

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Káàbọ̀."

"Èmi ni mo gbé ìwé yẹn fún ẹ. Nígbà tó ò ń béèrè kọ́kọ́rọ́ kiri, ó dùn mọ́ mi. Nígbà tí kò dùn mọ́ mi mọ́, mi ò sọ fún ẹ, mo kàn gbé e pa mọ́ títí ó fi bú. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Tìẹ wà níbẹ̀ o, mi ò mú un kúrò."

"Kò s..." Télọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Oníbàárà ń wò ó. Ó mí, Ayàwòrán sì rí i pé ikùn ló mí sí. "Ó dùn mí."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"O fi mí sílẹ̀ lójú títì níwájú ilé bàbá mi, bí ajá tó sọ ọ̀nà nù! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Mo bínú! Inú bí mi débi pé mo rán apá òsì ẹ̀wù ọkùnrin yìí mọ́ ọrùn!"

"Ìdí tí mo fi padà wá nìyẹn," oníbàárà wí.

Ayàwòrán kò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu Télọ̀ rí. Ó wù ú láti pàtẹ́wọ́. "Ṣé ó tán?"

"Kò tíì tán." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bí inú bá ń dùn ẹ́ tó o ní kí n jókòó, mi ò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mi ò bá wúlò fún ẹ, kí ló máa mú ẹ dúró tì mí?"

Ọkàn Ayàwòrán yọ́. "Ìwọ yìí náà ni mo dúró tì. Bó bá jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mò ń wá, púlọ́ńbà ni ǹ bá fẹ́."

Télọ̀ fi téèpù nu ojú.

"Bí mo bá nílò rẹ, màá pè ọ́," Ayàwòrán wí. "Bí mi ò bá pè ọ́, jókòó. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́. Ṣé o lè ṣe é? Ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

Télọ̀ ń ká téèpù rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Ọ̀gbẹ́ni, dá a lóhùn jàre," oníbàárà wí. "Apá ti ń ro mí."

"Màá jókòó," Télọ̀ wí. "Mo fẹ́ ẹ, ààyò mi."

Ó rọrùn láti sọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọjọ́ pé, nínú gbọ̀ngàn ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń so èèyàn pọ̀, níwájú ogójì èèyàn. Akọ̀wé ìgbéyàwó bi Ayàwòrán bóyá ó gbà, ó ní òun gbà. Akọ̀wé yíjú sí Télọ̀, ó bi í bóyá ó gbà. Kí Télọ̀ tó lanu, ikùn Ayàwòrán lọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀rọ̀ lé àìsàn yẹn lọ pátápátá. Ohun tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ti di ohun tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọjọ́ tó bá sì wù ú ló ń yàn. Ayàwòrán mí sí i. Ikùn kò gbọ́. Ó wo Télọ̀, Télọ̀ sì ti rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ ṣí.

Kò pè é. "Ẹ má bínú," ó sọ fún akọ̀wé. "Mò ń bọ̀." Ó gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì dá jáde.

Ó jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tẹ́tí. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì. Ó mọ̀ pé bí Télọ̀ bá wá kan ilẹ̀kùn, òun á ṣì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n á ṣe máa gbé títí ayé nìyẹn, òun nínú, ọkọ lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa béèrè bóyá ó ti ṣe é. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Ó fọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó mí, kò sì kánjú.

Ìyá rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn fún un lẹ́yìn náà. Ó ní àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń wú ikọ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan sọ pé ìyàwó ti gba ẹ̀yìn sá lọ. Akọ̀wé wo aago, nítorí àwọn tó kàn ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Télọ̀ jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú, òógùn ń ṣàn létí rẹ̀.

"Dìde, lọ wò ó," ìyá Télọ̀ wí.

"Mi ò lọ, Màmá." Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

"Bí kò bá padà wá ńkọ́?"

"Á padà wá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Òun náà ni. Ó ní òun ń bọ̀."

Nígbà tí Ayàwòrán wọlé, ogójì orí yí sí i. Kò tẹ orí tirẹ̀ ba. Ó rìn já gbọ̀ngàn, ó dúró ti Télọ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"O jókòó," ó sọ fún un wẹ́lẹ́.

"Díẹ̀ ló kù kí n kú."

"Níbo la dé?" ó bi akọ̀wé.

Akọ̀wé wo ìwé rẹ̀. "Mo ti bi ọkọ bóyá ó gbà ọ́ láya. Kò tíì dáhùn."

"Mo ti dáhùn," Télọ̀ wí. "Láti ìgbà tó ti jáde ni mo ti ń dáhùn."

Akọ̀wé ní kó fẹnu sọ ọ́, torí ìwé òun kò ní àyè fún ìjókòó. Télọ̀ dìde, ó sì pariwo pé òun gbà, débi pé àwọn tó ń dúró níta pàtẹ́wọ́ fún un.